Ta Ló Ń Mi Ìtànṣán Náà?

"Ẹ pa iná," ni Dókítà Olúfúnkẹ́ wí. David, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀, na ọwọ́ sí ara ògiri, ó sì pa á.

Òkùnkùn bo gbogbo yàrá. Aṣọ dúdú ni wọ́n ta sójú fèrèsé, èèyàn kò lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Kaosarah dúró ti ìgò gígùn tó wà lórí tábìlì, ó ń rọra mí bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tó sùn. Kò pẹ́, àmì iná aláwọ̀ ewé kan yọ ní ìparí ìgò náà, kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Ó rẹwà, ẹ gbà mí gbọ́. Ìgbàkígbà tí Kaosarah bá rí i, ó máa ń gbàgbé pé Ẹdẹ ni òun wà. Á máa ṣe é bíi pé òun nìkan ló dúró lójú sánmà, tí ìràwọ̀ kan sì ń wo òun lójú.

"Ó tún ń gbọ̀n, mà," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Dókítà Olúfúnkẹ́ mí kanlẹ̀. Olùkọ́ físíìsì ni ní yunifásítì ìjọ kan nílùú náà. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló to ẹ̀rọ kékeré yìí pọ̀, ẹ̀rọ tó ń lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sáré nínú ìgò tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Bí ìtànṣán ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà bá ti kọlu gíláàsì ìparí, ojú ibẹ̀ á mọ́lẹ̀. Irú rẹ̀ wà nílùú òyìnbó tó gùn ju ọ̀nà Ẹdẹ sí Sekona lọ, ṣùgbọ́n ìyọnu kan náà ló ń bá ńlá àti kékeré fínra. Iná tó ń wọ inú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa wọlé geere. Bí nǹkan kan bá ń da iná inú wáyà láàmú, ìtànṣán á máa mì. Ìdààmú yẹn ni Dókítà ń pè ní ariwo wáyà, bí etí kò tilẹ̀ lè gbọ́ ọ.

Ní ọlidé gígùn yẹn, wọ́n ṣa àwọn ọmọ girama mélòó kan láti Ẹdẹ àti Awo kí wọ́n wá kọ́ bí a ṣe ń wọn ariwo náà. Wọ́n fín àwọn ìlà tíńtín sára gíláàsì, àwọn ọmọ á sì ka iye ìlà tí àmì iná náà ń mì kọjá. Ojú Kaosarah ló mú jù, ọkàn rẹ̀ ló sì balẹ̀ jù. Òun ni Dókítà yàn pé kó wọn ìtànṣán lójú gbogbo òbí lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn. Kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí kì í fi lálàá ọjọ́ náà láìsùn.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù yàrá náà tí Dókítà kò mọ̀.

Tiransifọ́mà àdúgbò Kaosarah ti jóná láti ìgbà òjò. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí: ẹni tó bá ń lọ síbi tí iná wà kì í lọ lásán. Fóònù tirẹ̀ ń lọ, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lọ, ti aládùúgbò tí kò kí i láti ọdún iléyá náà á sì dé sínú báàgì. Ní ti Kaosarah, àtùpà oníbátìrì ló máa ń gbé. Òun ló fi ń kàwé fún ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì, òun náà ni ìyá àgbà rẹ̀ fi ń ríran nínú ilé tó bá ti ṣú. Dókítà ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ki ohunkóhun bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá náà bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Kaosarah gbọ́ dáadáa. Ó kàn rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé àtùpà lásán-làsàn, kí ló lè ṣe? Ó ki ṣájà olówó pọ́ọ́kú rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó fara pamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Láti ọjọ́ náà ni ìtànṣán ti ń gbọ̀n, tí kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀.

Dókítà ránṣẹ́ pe Bàbá Fádáre, oníṣẹ́ iná tó fa wáyà yàrá náà. Àgbà ọkùnrin ni, ó ń ti abà wọn lẹ́yìn ìlú wá, ó sì máa ń wọ ìlẹ̀kẹ̀ funfun sọ́rùn ọwọ́ bíi ti gbogbo ìdílé wọn tó ń bọ Ọbàtálá. Bàbá gun àkàbà, ó tú àjà, ó tú gbogbo ibi tó ti so wáyà pọ̀, ó sì tún wọn so. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Àmì iná ń gbọ̀n bó ṣe ń gbọ̀n.

"Ẹ ò rí i, Bàbá?" ni Dókítà wí.

"Ó yà mí lẹ́nu, Dókítà," Bàbá dáhùn. "Màá tún un wò lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, Kaosarah sùn jù. Ó sáré kúrò nílé, ó sì gbàgbé àtùpà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Wọ́n pa iná, wọ́n tan ẹ̀rọ, àmì iná náà sì dúró jẹ́ẹ́. Gbogbo wọn hó yèè. Dókítà ní iṣẹ́ Bàbá ti jẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, Kaosarah tún ki àtùpà bọ ibi tó máa ń kì í bọ̀, ìtànṣán náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló mọ ẹni tó ń mì í.

Ó fa David sẹ́yìn ilé, ó sọ fún un.

"Ìwọ náà!" David wí, ó ń wò yíká. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Má gbé e wá mọ́, ó tán nìyẹn. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé ẹ ni? Ọjọ́ àwọn òbí ti dé tán!"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Kaosarah létí, nítorí ohun tó fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Kò gbé àtùpà wá mọ́. Ìtànṣán dúró, ó dákẹ́ rọ́rọ́, Kaosarah sì tún ń lálàá rẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọ̀rọ̀ kò parí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń kọjá lẹ́nu ọ́fíìsì Dókítà, ó sì gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù.

"Wáyà tó ń ṣiṣẹ́ lónìí, tó ń ṣàìsàn lọ́la, mi ò lè fọkàn tán an. Àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n wá tú gbogbo rẹ̀ dànù. Wọn ò sì ní gbé iṣẹ́ iná ilé tuntun tí yunifásítì ń kọ́ fún Bàbá Fádáre mọ́. Ó dùn mí gan-an."

Kaosarah jáde síta, ó sì bá Bàbá nísàlẹ̀ igi dóńgóyárò, ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò.

"Ẹ káàsán, Bàbá," ó kúnlẹ̀.

"Ìwọ lò ń wo iná kékeré yẹn, àbí?" Bàbá bi í. "Má bínú, ọmọ mi. Díẹ̀ ló kù kí n ba ẹ̀rọ yín jẹ́. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé mi ò ní fọwọ́ kan wáyà mọ́. Ó jọ pé ọwọ́ mi ti darúgbó, mi ò sì mọ̀."

Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n. Ojú ti Kaosarah débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Àgbàlagbà ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun, lórí ohun tí òun fọwọ́ ara òun ṣe! Ó dìde, ó sì sáré padà sí ọ́fíìsì.

"Mà, kì í ṣe Bàbá," ó wí, omi ti ń dà lójú rẹ̀. "Èmi ni."

Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, àfi orúkọ David. Dókítà ní kó lọ gbé àtùpà náà wá láti ilé, ó sì pe Bàbá wọ inú yàrá dúdú. Wọ́n ki ṣájà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìtànṣán gbọ̀n. Wọ́n fà á yọ, ó dúró. Wọ́n tún un ṣe, ó tún rí bẹ́ẹ̀.

Dókítà fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. "Ẹ forí jì mí, Bàbá. Mo dá yín lẹ́bi kí n tó wádìí."

Ó wá kọjú sí Kaosarah. "Mo dúpẹ́ pé o sọ ọ́. Ṣùgbọ́n o ò ní wọ yàrá yìí mọ́ títí ọlidé yóò fi parí. Fawziyah, ẹlẹgbẹ́ rẹ, ló máa wọn ìtànṣán lọ́jọ́ àwọn òbí."

Bàbá ní tirẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "O mọ̀, o sì dákẹ́," ni gbogbo ohun tó bá Kaosarah sọ, ó sì jáde lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju ìyà Dókítà lọ.

Lọ́jọ́ àwọn òbí, Kaosarah jókòó sórí pèpéle níta, ìyá àgbà rẹ̀ wà nínú yàrá dúdú pẹ̀lú àwọn yòókù. Bàbá Fádáre dé, ó wọ aṣọ tó mọ́, nítorí wọ́n ti ní kó wá gba iṣẹ́ ilé tuntun náà. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kaosarah.

"Lọ́jọ́ yẹn, inú mi ò dùn, mi ò wo nǹkan náà dáadáa," ó wí. "Báwo ló ṣe máa ń rí?"

Kaosarah ronú. "Ó kéré, Bàbá. Bó bá dúró dáadáa, yóò ṣe yín bíi pé ẹ ti jìnnà sí gbogbo ayé, ẹ̀rù kò sì ní bà yín."

Bàbá mi orí, ó wọlé. Kaosarah ń wo àwọsánmà tó ń kọjá lórí òrùlé. Nígbà tí Bàbá jáde, ó jókòó tì í lórí pèpéle.

"Ó dúró," ó wí. "Kò tilẹ̀ mì rárá. Òótọ́ lo sọ."

Inú Kaosarah dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò rí i. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti rò pé bí òun bá ti jáwọ́ nínú àṣìṣe òun, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kì í bùṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá ṣe ohun tí kò tọ́, tí a jáwọ́, tí a sì dákẹ́, ẹ̀bi wa á wà lọ́rùn ẹlòmíràn, ẹni náà á sì máa rù ú kiri títí a ó fi la ẹnu wa sọ òótọ́.