Ọ̀rá Tí Wọ́n Tẹ Ewé Sí Lára

Ẹ̀yin ọmọ mi tó wà nílé ìwé, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo mú wá, kì í ṣe àlọ́.

Nùsírátù jókòó sẹ́yìnkùlé ní ìlú Ikpinlè, nílẹ̀ Benin, ó ń tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọ̀rá dúdú. Gbà! Gbà! Àwòrán ewé tútù ló ń jáde, ọ̀rọ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀ pé: "Ó ń jẹrà bí ewé." Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Zacharie tó ń ta ọ̀rá lọ́jà Adja-Ouèrè ló gbé iṣẹ́ náà fún un.

"Bọ̀dá Zacharie, ṣé lóòótọ́ ló ń jẹrà?"

Zacharie bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà! Ta ló máa dúró wò ó? Ìjọba ti fi òfin de ọ̀rá tí kì í jẹrà. Tí àwọn ará mérì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọjà wò, bá rí ewé yìí, wọ́n á kọjá lọ ni. Tẹ̀ ẹ́ jàre, fóònù tí màá fi san owó iṣẹ́ rẹ ti délẹ̀."

Fóònù! Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ní in. Òun nìkan ni wọ́n ń pè ní Ìyá Ayé-àtijọ́. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ṣé ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, béèyàn bá jẹ ẹ̀kọ tán, ewúrẹ́ ló ni ewé? A kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì, a ó kàn jù ú sí i. Fàtímátù, ìyá Nùsírátù, ẹ̀kọ ló ń tà. Ó rí àwòrán lára ọ̀rá, ó ní kí ọmọ òun ka ohun tó wà níbẹ̀.

"Bí ewé náà ló rí, Màmá."

Bí ìyá ṣe pa ewé tì nìyẹn, tó ń fi ọ̀rá di ẹ̀kọ. Àwọn oníbàárà jẹ tán, wọ́n ju ọ̀rá fún ewúrẹ́. Ṣebí wọ́n ní bí ewé ni.

Kò pẹ́, ewúrẹ́ Fábíyì, aládùúgbò wọn, kọ oúnjẹ. Ikùn rẹ̀ wú bí agbè. Ó ń payín keke, ó ṣubú, ó kú. Lọ́jọ́ kejì, méjì kú nílé Àlíù. Kò sẹ́ni tó mọ ilé tó kàn.

"Májèlé ni," Fábíyì wí. "Ta ni inú ń bí sí wa?"

Ojú gbogbo wọn yí sí Ìyá Ọ̀ṣunwùnmí, opó arúgbó tó ń já ewé ẹ̀kọ tà.

"A ò ra ewé wọn mọ́, ni wọ́n bá ń pa wá lẹ́ran! Ìyá, kí oòrùn ọ̀la má bá yín níbí o!" Fábíyì ló ń pariwo bẹ́ẹ̀.

"Èmi kẹ̀?" Ìyá àgbà bi wọ́n. Wọ́n ti ń ju ẹní rẹ̀ síta.

Nùsírátù rántí ọ̀rá tí wọ́n ń jù fún ewúrẹ́. Bó bá sọ̀rọ̀, ọjà ìyá rẹ̀ bàjẹ́. Bó bá dákẹ́, inú igbó ni ìyá àgbà yìí máa sùn.

"Ẹ la ikùn rẹ̀!" ló pariwo. "Ewúrẹ́ tó kú láàárọ̀ yìí, ẹ la ikùn rẹ̀!"

Àlíù mú ọ̀bẹ. Ohun tó fà jáde tóbi bí orí ọmọ tuntun, ó dúdú, ó ń rùn, ó lọ́ mọ́ra. Àwòrán ewé ṣì wà lára rẹ̀, kò tiẹ̀ ṣá.

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ fún Bọ̀dá Zacharie. Mo mọ̀ pé kì í jẹrà."

Fàtímátù wó jókòó sílẹ̀. "Nùsírátù! Èmi tí mi ò mọ̀wé, ojú rẹ ni mo fi kà á!"

Kí wọ́n tó dé ìsọ̀ Zacharie, ó ti gun alùpùpù lọ. Fábíyì dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Ọ̀ṣunwùnmí, ó gbé ẹní rẹ̀ wọlé padà. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tó ti jẹ ọ̀rá ti jẹ ẹ́ ná. Ta ló mọ èyí tó gbé e síkùn? Àràárọ̀ ni Nùsírátù ń ṣa ọ̀rá kiri ojúlé. Bí ewúrẹ́ kan bá dúró tí kò jẹun, àyà rẹ̀ á já. Kò sẹ́ni tó ń yà síbi ìkòkò ìyá rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó mọ̀wé ni ojú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá fi irọ́ sára ọjà, ẹni tó fọkàn tán yín jù ló máa kọ́kọ́ gbé e mì.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ló ṣẹlẹ̀ ládùúgbò yín? Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ má fi iyọ̀ sí i, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa.