Ta Ló Di Etí Màmá Matilda?

Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ náà ti tún kú. Fatihah ṣí àpótí kékeré tí ẹ̀rọ náà ti ń gba iná, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó sì yára gbé e jìnnà sí imú.

"Aúsù bílláhì! Ta ló tún kó irú ẹ̀gbin yìí síbí?"

Moṣọpẹ́ wolẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá tó ń gbé ẹ̀rọ ìyá ọkọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù tí Fatihah ti ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ìta-Ọ̀sun. Méjì ni wọ́n, ọ̀kan fún etí kọ̀ọ̀kan, wọn kò ní wáyà. Inú àpótí yẹn nìkan ni wọ́n ti lè gba iná.

"Ẹ bá mi ṣe é, ẹ jọ̀ọ́," ni Moṣọpẹ́ wí. "Ọ̀la ni ìpàdé ẹbí. Bí Màmá ò bá gbọ́ràn, wọ́n á ta ilé mọ́ wọn lórí."

Gbogbo àdúgbò Pọ́rogún ló mọ ọ̀rọ̀ ilé náà. Ẹnì kan fẹ́ rà á, kó wó o, kó fi kọ́ ilé epo. Ṣùgbọ́n ní ìdílé Fálolú, wọn kì í ta nǹkan ẹbí àfi bí wọ́n bá ka ìwé rẹ̀ sétí àgbà ilé lẹ́ẹ̀mẹta, tí òun náà sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Màmá Matilda ni àgbà ilé, ọ̀gá ilé-ìwé tẹ́lẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ojú sì máa ń ti ìyá yìí láti sọ pé òun kò gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá fò ó, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi." Bẹ́ẹ̀ ni kan ṣoṣo yẹn ti tó láti fi lé e jáde nínú ilé ara rẹ̀.

Fatihah ki ṣájà mìíràn bọ àpótí náà. Iná rẹ̀ tàn. Ó pààrọ̀ okùn. Iná ṣì tàn. Ó kó ẹ̀rọ méjèèjì sínú rẹ̀, ọ̀kankan kò ṣẹ́jú. Ó wá fi dígí wo ìsàlẹ̀ ihò tí wọ́n ń sùn sí, níbi tí àwọn irin tíntìntín tó ń gbé iná wọ inú wọn wà. Eérí etí ló dí irin náà pa.

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti sípíríìtì fọ̀ ọ́. Lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ méjèèjì ń ṣẹ́jú. Inú Moṣọpẹ́ dùn. Inú Fatihah kò dùn rárá.

"Ojú ẹ̀rọ tó ń wọ etí mọ́ tónítóní," ni ó wí. "Báwo ni eérí ṣe fo ibẹ̀, tó lọ bá irin nísàlẹ̀ àpótí? Ìgbà wo ni Màmá fọ etí gbẹ̀yìn?"

"Ọjọ́ Ajé. Nọ́ọ̀sì ló fọ̀ ọ́. Ó ní etí wọn mọ́ ju tèmi lọ."

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n wà yìí. Fatihah gbé búrọ́ọ̀ṣì náà súnmọ́ imú. Fọ́nrán òwú funfun kan wà nínú eérí náà, ó sì ń rùn òórùn tó mọ̀ láti kékeré: àdín, tí ìyá rẹ̀ àgbà fi ń pa ọmọ tí gìrì bá mú.

"Ẹnì kan ló ń ha etí ara rẹ̀ síbí," ni ó wí. "Ṣíọ̀! Èèyàn burú. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Nínú kẹ̀kẹ́, ó kọ́kọ́ kojú Moṣọpẹ́. "Ẹ má bínú o. Ẹ̀yin lẹ̀ ń tọ́jú wọn. Ṣé kò tíì sú yín?"

"Ó ti sú mi. Ta ni kò ní sú? Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ta ilé, níbo ni n ó sùn?"

Máyọ̀wá, ọmọ Moṣọpẹ́ tó ti parí yunifásítì, wà ní pálọ̀. Orin ń dún létí rẹ̀. Fatihah gba gbohùngbohùn etí rẹ̀, ó wò ó. Ó dọ̀tí débi pé èèyàn lè gbin ẹ̀gẹ́ sí i, ṣùgbọ́n pọ̀mádì irun ló ń rùn.

"Ṣé o máa ń fọwọ́ kan àpótí Màmá?"

"Okùn ṣájà wọn ni mo máa ń yá."

"Ta ló tún máa ń jókòó níbí?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Albert. Wọ́n ń wá kí Màmá lójoojúmọ́. Ọ̀sán ni, tí Màmá bá ti bọ́ ẹ̀rọ sínú àpótí, tí wọ́n ń sùn."

Fatihah ronú sí i: ọmọ tó ń kí ìyá rẹ̀ kìkì ìgbà tó bá ń sùn.

Kò pẹ́ tí Albert, àkọ́bí Màmá, fi wọlé. Aṣọ rẹ̀ le fún sítáàṣì, lọ́fínńdà rẹ̀ gba gbogbo ilé. Òwú funfun wà ní etí òsì rẹ̀.

"Apá ọ̀tún ni kí ẹ ti bá mi sọ̀rọ̀ o. Etí kejì ń dùn mí. Ẹ̀rọ Màmá ńkọ́?"

Fatihah kúnlẹ̀ kí i, ó gbé irọ́ kalẹ̀. "Ó ti kú pátápátá, sà. Kò ṣe é tún ṣe mọ́."

"Ó mà ṣe o," ni Albert wí. Ojú rẹ̀ kò jọ ti ẹni tí nǹkan ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹbí péjọ. Màmá wé gèlè bo etí méjèèjì. Albert ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń sáré kà á, ó wá rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́," ni Màmá wí, ó ṣí gèlè kúrò lórí ẹ̀rọ etí rẹ̀. "Ilé mi lo fẹ́ wó fún ilé epo. N kò gbà."

Ìwé bọ́ lọ́wọ́ Albert. "Ta ló nù ún?"

Fatihah dìde lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Ta ló sọ fún yín pé nínù ló fẹ́, sà? Kíkú ni mo ní ó kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ òwú etí yín ká gbóòórùn rẹ̀. Àdín wà níbẹ̀. Àdín kan náà, òwú kan náà ló wà lára irin àpótí. Bí Màmá bá ti sùn, ẹ ó ha etí yín, ẹ ó fi pa á, kí a lè rò pé ìdọ̀tí Màmá ni. Ẹ kò mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ti fọ etí wọn."

Ìyàwó ẹbí kan bo ẹnu, ó sáré jáde.

Albert jókòó. "Ọkùnrin tó fẹ́ ra ilé ní èmi ni òun máa fi ṣe ọ̀gá ilé epo," ni ó wí. "Mo ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún. N kò tíì jẹ́ ọ̀gá níbì kankan. Mo rò pé Màmá ò ní mọ̀."

Màmá na ìka sí etí òsì Albert.

"Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọ́ nígbà tí etí yẹn kọ́kọ́ ń da ọyún. Mo pọ̀n ọ́, mo fẹsẹ̀ rìn dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ torí àdín. Ìka mi yìí ni mo fi ń nù ọyún náà, mo sì ń fi ọwọ́ kan náà jẹun. Kò kó mi nírìíra rí, Albert. Àfi lónìí."

Ó gba àpótí náà lọ́wọ́ Moṣọpẹ́, ó sì so ó mọ́ etí ìró rẹ̀.