Abẹ Bàbá Mùtàlíbù

"Ìka kékeré dà? Kàmál Àrẹ̀mú, mo ní ìka kékeré dà?"

Kàmál yára gbé ìka ọwọ́ rẹ̀ tó kéré jù lé ìrù abẹ, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Mùtàlíbù, bàbá rẹ̀ àgbà, onígbàjámọ̀ Òkè-Fíà, mi orí sí i.

"Abẹ yìí ń ṣí, ó ń pa dé. Ìka yẹn ni kì í jẹ́ kó pa dé. Bó bá kúrò níbẹ̀, abẹ á wọ àkọ̀ rẹ̀ lọ, ọwọ́ rẹ ló sì wà lẹ́nu ọ̀nà."

Kàmál fa abẹ lórí awọ ní àlọ àti àbọ̀ títí ó fi mú, ó fi òróró pa á, ó fi aṣọ wé e. Lọ́jọ́ Àìkú, wọn yóò sọ ọmọ Kifayat, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lórúkọ. Kàmál ni yóò fá orí ọmọ náà. Orí àkọ́kọ́ tí yóò fá nìyẹn, abẹ yóò sì di tirẹ̀.

"Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n," ni Bàbá wí. "Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ ìran wa kú mọ́ mi lọ́wọ́."

"Àmín, Bàbá."

Ṣùgbọ́n ní ilé-ìwé, Adéjọbí kò jẹ́ kó sinmi.

"Onígbàjámọ̀! Ewúrẹ́ màmá mi ti hu irùngbọ̀n o! Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kàmál tì í. Adéjọbí fún un ní ẹ̀ṣẹ́ lẹ́nu, eyín kan bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, ó tún gbá a nípàá wọ gọ́tà.

Ní ọjọ́ kejì, Kàmál ki abẹ bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ó gbé e lọ sí ilé-ìwé.

"Adéjọbí, tún ọ̀rọ̀ àná sọ."

"Ṣé eyín kan ò tíì tó ẹ ni?"

Abẹ kọ mànà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Adéjọbí là láti etí dé igun ẹnu, ẹ̀jẹ̀ bo ẹ̀wù funfun rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin figbe ta. Ojú Kàmál ti pọ́n. Ó di abẹ mú bí ẹni di ọ̀bẹ mú, ó tún gbé e sókè. Ta ló rántí ìka kékeré? Abẹ gbá eegun èjìká Adéjọbí, ó pa dé gbì mọ́ ọwọ́ Kàmál. Ó gé ìka mẹ́ta dé iṣan.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń rán ẹ̀rẹ̀kẹ́ Adéjọbí, Bàbá Mùtàlíbù ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá Adéjọbí, obìnrin tí òun fúnra rẹ̀ lè bí lọ́mọ.

"Ẹ dìde, Bàbá, ẹ má fi eléyìí kún un," obìnrin náà ń sunkún.

Lọ́jọ́ Àìkú, Kàmál fi ọwọ́ òsì gbé abọ́ omi. Ọ̀tún wà nínú báńdéèjì. Bàbá fúnra rẹ̀ gbé abẹ lé orí ọmọ tuntun. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ kán tó. Ọmọ ké, Kifayat já a gbà mọ́ àyà.

Bàbá nu abẹ, ó fi òróró pa á, ó wé e, ó sì gbé e sókè àjà. "Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́," ló wí.

Ọgbẹ́ Kàmál ti jiná báyìí, ṣùgbọ́n ìka kékeré rẹ̀ kò lè ká mọ́ ìrù abẹ mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bú wa kò lè gba iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ìbínú tiwa ló lè gbà á. Kí Olúwa má fi ìbínú ìṣẹ́jú kan gba iṣẹ́ ọjọ́ ayé wa.