Irinṣẹ́ Tó Ń Mú Iṣẹ́ Kúrò

Ife tíì tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀ ni Fèyíkẹ́ kọ́kọ́ rí, kó tó rí ojú rẹ̀. Ọkùnrin gíga kan dúró síbi fèrèsé ọ́fíìsì wọn ní Sandton, oòrùn àárọ̀ tàn sí i léjìká, tíì náà sì ń dà sára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láìmọ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Tíì yẹn á bó yín lára."

Ó yíjú sí i. Ojú tó fani mọ́ra ni, àmọ́ ìbẹ̀rù ló kún ibẹ̀ bámúbámú.

"Ìwọ ni Fèyíkẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà? Olúgbémiga lorúkọ mi. Jọ̀ọ́, wá ka nǹkan kan."

Iléeṣẹ́ wọn ló ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń mọ ilé arúgbó tí wọ́n á yà lójúmọ́. AI ló ń to iṣẹ́ náà. Oríṣiríṣi irinṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà ló ń lò, àmọ́ kò mọ ohun tí èyíkéyìí wà fún ju ohun tí èèyàn bá kọ sábẹ́ rẹ̀ lọ. Torí àtikọ irú àpèjúwe bẹ́ẹ̀ kó yéni yékéyéké ni wọ́n ṣe gba Fèyíkẹ́.

Gbólóhùn kan péré, tí òun fúnra rẹ̀ kọ sábẹ́ irinṣẹ́ kan, ni Olúgbémiga fi hàn án: "Ó ń mú iṣẹ́ kúrò."

"Kúrò lójú ni, àbí kúrò pátápátá?"

"Pátápátá. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣèèṣì kọ lẹ́ẹ̀mejì ni mo ṣe é fún, àmọ́ mi ò kọ ìyẹn síbẹ̀." Ó gbé ife náà sílẹ̀. "Lánàá, wọ́n ní kí AI dín ohun tó kún ojú kọ̀ǹpútà kù. Ó pa àwọn àbẹ̀wò tí nọ́ọ̀sì ò tíì lọ rẹ́. A ti bá gbogbo àwọn arúgbó náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù àfi Màmá Àbísóyè ní Rosettenville. Abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n ń gún fún un. Mo ti pe áńbúláǹsì, wọn ò mọ ìgbà tí wọ́n máa débẹ̀."

Fèyíkẹ́ ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀.

Lójú ọ̀nà, iná robot tó ń darí ọkọ̀ ti kú ní ìkóríta, àwọn táksí ń fi tipátipá kọjá níwájú wọn. Fèyíkẹ́ tẹ fèrè ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

"Tó bá ti kú ńkọ́?" ni Olúgbémiga ń wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́. Ẹ bá mi wo ọ̀nà."

Wọ́n kan ilẹ̀kùn Màmá Àbísóyè, kò sẹ́ni tó dáhùn. Fèyíkẹ́ yọjú láàárín irin fèrèsé, ó rí ẹsẹ̀ arúgbó kan nílẹ̀ ilé ìdáná. Ó pariwo. Serifat, ará ilé kejì, ló sáré mú kọ́kọ́rọ́ tí Màmá fi síkàáwọ́ rẹ̀ wá. Màmá ń mí gúlegúle, ètè rẹ̀ gbẹ, kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Fèyíkẹ́ gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń pè é títí áńbúláǹsì fi dé.

Nígbà tí wọ́n gbé Màmá lọ, Olúgbémiga jókòó sídìí ògiri, ó bú sẹ́kún. Fèyíkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀.

Màmá yè é. Àwọn méjèèjì wá jókòó ti gbogbo irinṣẹ́ náà. Wọ́n kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ìgbà tí AI lè lò ó, ìgbà tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, àti pé kó tó pa ohunkóhun rẹ́, kó kọ́kọ́ bi èèyàn. Láàárín iṣẹ́ yìí ni "ẹ" di "o" lẹ́nu Fèyíkẹ́.

"Fèyí, mo fẹ́ràn ẹ," ni Olúgbémiga sọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Eish, àpèjúwe yẹn mà kúrú o! Bí ọ̀rẹ́ ni àbí bí kí ni?"

"Bí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ níyàwó, olólùfẹ́ mi."

Fèyíkẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó rántí bàbá rẹ̀, Dókítà Dáramọ́lá, tó ti gbọ́ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Nílé bàbá Fèyíkẹ́ ní Roodepoort, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, Olúgbémiga dọ̀bálẹ̀ nínú pálọ̀. Bàbá ò ní kó dìde.

"Ìwọ lo kọ gbólóhùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá yẹn?"

"Èmi ni, sà."

Fèyíkẹ́ di aṣọ rẹ̀ mú gírígírí. Ó dá a lójú pé ó ti parí nìyẹn.

"Ṣé ìyá náà mọ̀?"

"Mo lọ sọ fún un nílé ìwòsàn, sà. Ó lé mi jáde. Mo tún padà lọ, ó tún lé mi. Ìgbà tó yá ló ní kí n jókòó."

"Ẹ̀rù iṣẹ́ náà ṣì ń bà ẹ́?"

"Lójoojúmọ́, sà."

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Látìgbà tí mo ti ń kọ oògùn fún aláìsàn, kò sígbà tí mo mú bírò tí àyà mi kì í já. Ẹni tí kò bá ní irú ẹ̀rù yẹn ni mi ò lè fọmọ mi fún." Ó nu ojú rẹ̀. "Fèyíkẹ́, ṣé òun lo fẹ́?"

"Òun ni, Dádì."

Ó rìn lọ, ó kúnlẹ̀ ti ọkùnrin rẹ̀ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, Bàbá sì gbọ́wọ́ lé àwọn méjèèjì lórí.