Ohùn Tí Doyin Pa Rẹ́

"Ẹni tí ó bá fẹ́ ìdánwò kejì, kí ó na ọwọ́ sókè."

Kò sí ọwọ́ tí ó gòkè. Ọ̀gbẹ́ni Johnson, olùkọ́ kọ̀ǹpútà, wo kíláàsì yíká láti òkè awò ojú wọn. Ìdánwò méjì ni wọ́n kọ sójú pátákó, méjèèjì fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Linux, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, tí a kò fi inú rẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni: ẹni tí ó bá wù ú lè ṣí i wò, kí ó sì tún un ṣe. Nínú èkínní, lẹ́tà ìdáhùn tí ó tọ̀nà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú. Nínú èkejì, yóò jókòó síwájú ẹ̀rọ, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bá yàn fún un.

Èkejì wu Doyin. Ní Ọ̀yọ́, kí ó tó wá bá ìyá rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, òun ni ó máa ń tú rédíò bàbá rẹ̀ àgbà palẹ̀, tí ó sì máa ń tò ó padà. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbéra nígbà tí Démi, ọmọ kíláàsì rẹ̀, fọwọ́ kàn án léjìká.

"Girl, má ṣe ara ẹ bẹ́ẹ̀," ni Démi wí. Bronx níbí ni wọ́n bí i sí. "Èmi àti Ashley ti rí gbogbo ìbéèrè èkínní online. À ń kà á pa pọ̀ ní Friday, pizza wà. Ṣé o ń bọ̀ àbí o ò bọ̀?"

Láti ìgbà tí Doyin ti dé ilé-ìwé náà, kò sí ẹni tí ó pè é rí pé kí ó wá jókòó. Bí ó bá ń jẹun ọ̀sán, àpò ìwé rẹ̀ ni í wà lórí àga kejì. Ìyá rẹ̀, Adétóun, ń tọ́jú arúgbó kan ní Co-op City. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, Sátidé ni wọ́n sì máa ń wálé sí Highbridge, níbi tí Doyin ń dá gbé. Irin tí ń mú ilé móoru a máa kan gbó-gbó bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, àìmọye ìgbà ni Doyin ti dáhùn pé, "Ta ni?"

Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ṣé ó dá ọ lójú, Doyin?" ni Ọ̀gbẹ́ni Johnson bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Àwọn ọjọ́ Ẹtì yẹn dùn. Démi a ka ìbéèrè, gbogbo wọn a sì fi ẹnu kan náà dáhùn. "Àṣẹ wo ló ń pa gbogbo fáìlì inú fódà rẹ́?" "C!" Wọn a bú sẹ́rìn-ín. Doyin kò bi ara rẹ̀ léèrè bí C ṣe ń ṣiṣẹ́.

Gbogbo wọn yege. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, Adétóun mú ọmọ rẹ̀ jáde fún ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n jó dé iwájú pẹpẹ, wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí náà sókè. "Ọmọ mi ti di ọ̀gá kọ̀ǹpútà!" Bí wọ́n ti ń padà sáyè wọn, Bàbá Mákánjúọlá, olórí ẹgbẹ́ akọrin, ti ń dúró dè wọ́n.

"Adétóun, Ọlọ́run ló rán ọmọ yìí sí wa. Linux yìí náà ni Brian tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wa fi sínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀ṣì kó tó kó lọ sí Texas. Kọ̀ǹpútà náà ní inú òun ti kún, kò gba ohùn ìsìn sílẹ̀ mọ́."

"Kékeré ni fún un, sà," ni ìyá rẹ̀ dáhùn, kí Doyin tó lanu.

Nínú yàrá ẹ̀yìn, Bàbá kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnì kan. Ohùn obìnrin kan jáde, ó dá orin Àjíǹde kọ, ó mọ́ gaara.

"Ìyá Kànmí nìyẹn, aya mi olóògbé. Lẹ́yìn ìsìn, mo máa ń wá gbọ́ ọ níbí kí n tó lọ sílé tí kò sẹ́nìkan."

Wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Doyin rántí pé fódà kan wà tí kọ̀ǹpútà ń da pàǹtí sí. Ó ṣí i, ó ṣí òmíràn, ó ṣí òmíràn sí i. Nígbà tí ó rò pé òun ti padà sínú fódà pàǹtí, ó tẹ àṣẹ tí ó wà lábẹ́ lẹ́tà C, gẹ́gẹ́ bí ó ti há a sórí. Kò bi ẹ̀rọ pé inú fódà wo ni òun wà. Ẹ̀rọ kò sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni ìwà rẹ̀: bí ó bá ti ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe, dídákẹ́ ni í dákẹ́.

Nígbà tí ó wo fódà ohùn akọrin, ó ṣófo. Ohun tí àṣẹ yẹn bá pa rẹ́ kì í lọ sínú agbọ̀n tí a ti lè ṣà á padà. Ó pe Démi lórí fóònù.

"Just sọ pé computer yẹn ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀," ni Démi wí. "Ta ló máa mọ̀?"

Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀.

Bàbá wọlé pẹ̀lú ìgò mọ́ọ̀tì tútù kan. "O kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Gba èyí. Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn aya mi díẹ̀."

Doyin kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo ti pa ohùn wọn rẹ́. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Èmi ni."

"Kò ṣeé rí padà?"

"Kò ṣeé rí padà, sà."

"Ìwé ẹ̀rí tí a fi dúpẹ́ ńkọ́?"

"Lẹ́tà ìdáhùn ni mo há sórí, sà. N kò kọ́ iṣẹ́ náà."

Bàbá jókòó. Wọ́n gbé mọ́ọ̀tì náà sórí itan, wọn kò ṣí i. "Ohùn rẹ̀ ṣì wà létí mi," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n etí èmi náà ń darúgbó." Wọ́n dìde, wọ́n sì jáde.

Ẹni tí ó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Lọ́jọ́ Ajé, Doyin lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Johnson. "Mo fẹ́ ṣe èkejì, sà."

"Ìwọ nìkan ni yóò ṣe é."

"Mo mọ̀, sà."

"So, o ti fi wá sílẹ̀ nìyẹn?" ni Démi wí. Ọjọ́ Ẹtì dé, kò sí ẹni tí ó pè é. Àpò ìwé padà sórí àga kejì. Ó ń dá kẹ́kọ̀ọ́, ó ń dá ṣe àṣìṣe, ó sì ń dá tún un ṣe. Ohun tí ó kọ́kọ́ mọ̀ dunjú ni àṣẹ kékeré tí a fi ń bi ẹ̀rọ pé níbo ni a wà, kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ó yege. Ìyá rẹ̀ tún fẹ́ ṣe ìdúpẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Màámi," ni ó wí, "ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́."

Ó bá Bàbá Mákánjúọlá ní yàrá ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń wo kọ̀ǹpútà tí kò ní ohun tí wọn yóò gbọ́. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orin Àjíǹde yẹn, kí n gba ohùn yín sílẹ̀. Kànmí ọmọ yín á fẹ́ gbọ́ ohùn yín lọ́jọ́ kan."

Bàbá sún mọ́ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọrin, ohùn ìsàlẹ̀ tí wọ́n máa ń fi gbe aya wọn. Níbi tí obìnrin náà máa ń dá kọ, wọ́n dákẹ́, wọ́n dúró kí àyè rẹ̀ kọjá, kí wọ́n tó gbà á padà. Doyin kò gé ìdákẹ́jẹ́ náà kúrò. Ó bi ẹ̀rọ pé níbo ni òun wà; ẹ̀rọ dáhùn. Ó tọ́jú orin náà sí ibi méjì. Ẹ̀rọ dákẹ́, ó sì mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ náà túmọ̀ sí.

Ọ̀dọ́ tí ń ka ìtàn yìí, ìdánìkanwà korò, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ìmọ̀ ra ẹgbẹ́, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dé ni yóò rí i pé òun nìkan ni ó dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì ṣófo.