Lẹ́tà Mẹ́ta Nínú Àpótí Pàǹtírí

“Yínká ọmọ mi, ṣé lẹ́tà mi ti dé?”

“Kò tíì dé o, mà.”

Báyìí ni èmi àti Àlàájà Kúbúrá ṣe ń kí ara wa láràárọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1999. Láti Bẹ́yẹrúnkà ni wọ́n ti ń fẹsẹ̀ rìn wá sí ọ́fíìsì wa ní Bẹẹrẹ, wọn kì í sì í jókòó. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń dúró sí, wọn á na ọrùn wo kọ̀ǹpútà mẹ́ta tó wà lórí tábìlì bí ẹni pé ọmọ wọn lè yọjú láti inú ọ̀kan.

Èjìdé lorúkọ ọmọ náà. Jídà, ní ilẹ̀ Lárúbáwá, ló wà, aṣọ ló ń bá wọn rán níbẹ̀. Ìjà ni òun àti ìyá rẹ̀ fi túká, torí pé Àlàájà ò fẹ́ kó lọ rárá. Odidi ọdún méjì ni ẹnìkínní ò gbúròó ẹnìkejì. Ìgbà tí ará ilé wọn kan ń lọ sí Mẹ́kà ni Àlàájà ní kí n kọ àdírẹ́sì ímeèlì ọ́fíìsì wa sínú ìwé fún un. “Kó fún Èjìdé,” ni wọ́n wí. “Kó ṣáà ti kọ̀wé sí mi, ìjà ti tán.”

Ìyá ń dúró, ọmọ ń kọ̀wé, èmi ni mo wà láàárín. Èmi yìí náà ni mo ba nǹkan jẹ́. N ò ní í purọ́ fún ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé yìí, irọ́ tí mo ti pa ti tó.

Nígbà náà, ímeèlì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìgboro Ìbàdàn ni. Àdírẹ́sì ọ́fíìsì wa ni ọ̀pọ̀ èèyàn láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba ń lò. Ṣùgbọ́n lẹ́tà pàǹtírí fẹ́ẹ̀ pa wá! Ẹnì kan ń ta oògùn irun, ẹnì kan ní ká wá gba ilé ọ̀fẹ́ ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan ń ta ẹ̀rọ tí a ò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọládiípọ̀, wá ra ètò kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní asẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jẹ́ kí lẹ́tà gidi kọjá, kó da ìyókù sínú àpótí pàǹtírí. Asẹ́ náà ò ṣe dáadáa. Lẹ́tà oníbàárà ló ń dá dúró, ti olóògùn irun ló ń jẹ́ kó wọlé.

“Yínká,” ni ọ̀gá wí, “ìwé tó ń tọ́ni sọ́nà rèé. Tún asẹ́ yẹn ṣe bí ìwé ṣe wí. Láràárọ̀, kó o máa ṣí àpótí pàǹtírí, kó o wo lẹ́tà ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó o tó pa ohunkóhun rẹ́. Ṣó o gbọ́?”

“Mo gbọ́, sà.”

Mo gbọ́ lóòótọ́. N ò kàn ṣe é ni. Ojú ìwé méjì péré ni mo kà tó fi sú mi. Mo rí ibì kan tí wọ́n ti ní a lè pàṣẹ kí asẹ́ máa gba kìkì lẹ́tà ẹni tí àdírẹ́sì rẹ̀ bá wà nínú àkọsílẹ̀ wa. Mo tẹ̀ ẹ́. Wàhálà tán! Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà pàǹtírí kan ṣoṣo ò wọlé. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ fún mi lójú gbogbo èèyàn, wọ́n ní bí àwọn bá ṣí ọ́fíìsì tuntun ní Òkè-Àdó, èmi ni n ó máa bójú tó o. Èmi ọmọ ọdún méjìdínlógún tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́! Orí mi wú. Àpótí pàǹtírí kẹ̀? N ò rántí rẹ̀ mọ́.

Mélòó nínú àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun ló ní àdírẹ́sì tirẹ̀ nígbà yẹn? Wọ́n ń bẹ ẹlòmíì ni. Lónìí, ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé ló máa bá wọn kọ ọ́. Lọ́la, ẹni tí wọ́n pàdé ní mọ́ṣáláṣí ni. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń fi lẹ́tà rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé náà nìyẹn. Irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ ò lè sí nínú àkọsílẹ̀ wa láé, mo sì ti tilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wọn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Àlàájà bi mí pé, “Yínká, ṣé ẹ̀rọ yín yìí ò ní máa gbé lẹ́tà mì?”

Mo rẹ́rìn-ín. “Háà, Màmá! Ẹ̀rọ kì í gbé lẹ́tà mì o.”

Wọ́n yí padà, wọ́n lọ. Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi, ni mo bá ṣí àpótí pàǹtírí.

Lẹ́tà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ fún Àlàájà Kúbúrá, láti àdírẹ́sì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo sáré wò wọ́n fìrí. Nínú ti àkọ́kọ́, Èjìdé ń tọrọ àforíjì. Nínú ìkejì, ó ní òun wà ní ọsibítù, wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún òun láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ìkẹta ló pa mí: “Màámi, ẹ̀rù ń bà mí. Nọ́ńbà tẹlifóònù wọ́ọ̀dù wa nìyí. Ẹ pè mí kí wọ́n tó gbé mi wọlé, kí n lè mọ̀ pé ẹ ò bínú sí mi mọ́.”

Ìṣẹ́gun la wà yẹn o! Tẹlifóònù wà lórí tábìlì ọ̀gá. Ká ní mo sáré tẹ̀ lé Àlàájà ni, ǹ bá bá wọn kí wọ́n tó sọdá títì.

Bertha tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti wá dúró lẹ́yìn mi. “Ṣé o fẹ́ sọ fún ọ̀gá pé o ò ṣí àpótí yìí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? O ti dágbére fún Òkè-Àdó nìyẹn. Pa wọ́n rẹ́ jàre! Tún asẹ́ yẹn ṣe, ọmọ náà á kọ òmíràn, wàá fún ìyá rẹ̀. Ta ló máa mọ̀?”

N ò lè di ẹ̀bi ru Bertha, ìka tèmi ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Mo pa lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́, mo da gbogbo ohun tó wà nínú àpótí náà nù, mo wá tún asẹ́ ṣe bí ìwé ṣe wí. Kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Àlàájà dé. “Kò tíì dé o, mà,” ni mo wí. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo tún sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni lẹ́tà wọlé. Màmúdù, ẹnì kan tí òun àti Èjìdé jọ ń gbélé, ló kọ ọ́. Àlàájà wà lẹ́nu ọ̀nà. Kéwú ni wọ́n mọ̀ kà, wọn ò mọ ìwé tiwa yìí.

“Ó ti dé? Kà á fún mi!” Ẹ̀rín kún ẹnu wọn.

Mo kà á. Màmúdù ní Èjìdé ò jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n sì ti sin ín sọ́hùn-ún. Ó ní lẹ́yìn gbogbo lẹ́tà tó kọ, títí wọ́n fi wá gbé e, ojú rẹ̀ ò kúrò lára tẹlifóònù, ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn ni pé, “Màámi ò dárí jì mí.”

Àlàájà ò pariwo. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ jókòó ní ọ́fíìsì wa.

“Yínká, lẹ́tà wo ló kọ sí mi tí n ò dá a lóhùn?”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lójú ọ̀gá. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀gá fi wá lẹ́tà wọ̀nyẹn nínú kọ̀ǹpútà, wọn ò rí ọ̀kan ṣoṣo. Wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n jàre mi.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ gbọ́. Àṣìṣe ni mo kọ́kọ́ ṣe. Ká ní mo sọ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, wọn ì bá bú mi, bóyá wọn ì bá lé mi, ṣùgbọ́n ọmọ ì bá gbóhùn ìyá rẹ̀. Irọ́ tí mo fi bo àṣìṣe náà ni kò ṣe é tún ṣe mọ́. Bí ẹ bá ba nǹkan jẹ́, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, bó ti wù kí ojú tì yín tó.

Àlàájà ò ṣépè fún mi. Ì bá sàn kí wọ́n ṣépè! Títí wọ́n fi kú ní ọdún kẹrin lẹ́yìn náà, nígbàkigbà tí mo bá lọ kí wọn ní Bẹ́yẹrúnkà, wọ́n á ní kí n sún mọ́ àwọn.

“Yínká, ìwọ lo rí lẹ́tà ọmọ mi. Nígbà tó ń bẹ̀ mí, báwo ló ṣe wí i?”

N ò ka lẹ́tà náà tán kí n tó pa á rẹ́.