Okùn Oníkókó Márùn-ún

Mo ṣèlérí níwájú gbogbo yín pé ìtàn yìí kò ní gùn. Kò gùn ju okùn tí télọ̀ fi ń wọn ènìyàn lọ. Òótọ́ sì ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, ilé náà ṣì wà ní Ọ̀tà, ìṣó tí okùn náà kọ́ sí ṣì wà lára ògiri. Èmi kọ́ ni mo kàn án mọ́bẹ̀.

Ní ọdún 1938, nígbà tí àdúgbò Ṣàngó ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ tí kò sì sí fákítìrì kankan tí yóò fun fèrè jí ẹnikẹ́ni, télọ̀ kan wà ní Ọ̀tà tó ń jẹ́ Fàlílù. Ó mọ aṣọ rán. Ṣùgbọ́n orin Ọmọ́lẹ́yẹ ló gbà á lọ́kàn. Ọmọ́lẹ́yẹ yìí jẹ́ obìnrin kan ní Èkó tó kọ orin sínú àwo mẹ́sàn-án kó tó fi orin sílẹ̀. Fàlílù ní mẹ́jọ nínú wọn, ó sì ní giramafóònù kan. Lójoojúmọ́, bó bá ti kírun Àlàásárì tán, yóò yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà, orin yóò bẹ̀rẹ̀. Àwọn aládùúgbò fẹ́ràn orin náà, pàápàá nígbà tó bá parí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Kò rí ẹni bá sọ ọ́. Nínú àwo kẹta, ibì kan wà tí ohùn Ọmọ́lẹ́yẹ ti ya díẹ̀, bí aṣọ tó fà ya lábẹ́ apá. Fàlílù ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ nípa ibẹ̀. Ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà sínú fún ọdún mẹ́fà. Ó gbìyànjú rẹ̀ lára ìyàwó rẹ̀, Mùíbátù, lẹ́ẹ̀kan. Mùíbátù gbọ́ ọ tán, ó ní iyọ̀ ti tán nílé.

Ìgbà tó wá gbọ́ pé àwọn ènìyàn bíi tirẹ̀ wà ní Èbúté-Mẹ́ta, kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń pàdé nínú ilé ìwé kan, ní Sátidé kan lásìkò ọyẹ́. Olúkúlùkù a múra bí ẹnìkan nínú orin Ọmọ́lẹ́yẹ. Wọn a jókòó láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọn kò ní sọ ohun mìíràn yàtọ̀ sí orin rẹ̀. Fàlílù kọ lẹ́tà sí akọ̀wé wọn, ó ní òun fẹ́ wá, ó ní kí wọ́n júwe ọ̀nà fún òun.

Èsì dé.

"Alàgbà Fàlílù, lẹ́tà yín tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ó yà wá lẹ́nu pé ẹ ń béèrè ọ̀nà. Àga yín ti èṣí ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ kò bá wa sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà náà, ẹ kàn ní aṣọ yín kò tíì parí ni. A nírètí pé yóò parí lọ́tẹ̀ yìí."

Fàlílù kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Ràfátù, ǹjẹ́ mo dé Èkó léṣìí?"

"Ẹ̀yin? Èṣí tí ẹ ò lè dé balùwẹ̀?"

Òótọ́ ni. Lásìkò ọyẹ́ èṣí, ibà dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Àwọn ẹbí ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Wọ́n ní mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé."

"Wọ́n fi ẹlòmíì pè yín ni. Ṣé ẹ̀yin nìkan ni Fàlílù tó wà láyé ni?"

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Fàlílù gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìmúra.

Ó pinnu pé ọkọ ìyàwó inú àwo kẹta lòun yóò jẹ́. Ọkùnrin náà wọ agbádá funfun, ó ń lọ síbi ìgbéyàwó ara rẹ̀. Ó pẹ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tó fi dé, wọ́n ti fa ìyàwó fún ẹlòmíràn, wọ́n ti jẹun tán, wọ́n ti ń gbálẹ̀. Fàlílù máa ń sunkún síbẹ̀. Kò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà.

Mo ní láti sọ bí àwọn télọ̀ ìlú náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Okùn ni wọ́n fi ń wọn ènìyàn, okùn kan fún oníbàárà kan, kókó márùn-ún lára rẹ̀: èjìká, apá, àyà, ìbàdí, gígùn. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá gba aṣọ rẹ̀, télọ̀ yóò tú kókó náà. Kókó tí a kò bá tíì tú, ẹnìkan ṣì ń bọ̀ wá gba aṣọ nìyẹn. Télọ̀ kì í sì í wọn ara rẹ̀. Ọwọ́ kì í tó ẹ̀yìn.

Fàlílù wá ẹni tí yóò wọn òun. Mùíbátù ti lọ ná ọjà Àtàn. Ibi tó ti ń wò káàkiri ló ti rí okùn kan lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, eruku ti bò ó. Ó nà án mọ́ apá rẹ̀. Ó ṣe rẹ́gí. Ó nà án mọ́ àyà. Rẹ́gí. Ìgbà náà ló rántí. Jìbírílù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó kọ́ ọ níṣẹ́ télọ̀, ló fi okùn náà wọ̀n ọ́n nígbà ibà. Aṣọ òkú kò nílò èjìká àti apá, ṣùgbọ́n télọ̀ ni Jìbírílù, kò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà wọn ènìyàn. Aṣọ funfun tó rà fún un náà ṣì wà nínú àpótí, wọn kò fi àlùmọ́gàjí kàn án. Ara Fàlílù ti yá kí wọ́n tó gé e.

Aṣọ wà nílẹ̀. Okùn wà nílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́n kì í ra ohun tó ti ní. Fàlílù gé e.

Ọjọ́ kẹta ni Jìbírílù yà wọlé. Ó fọwọ́ kan aṣọ náà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Aṣọ ta nìyí?"

"Tèmi ni, ẹ̀gbọ́n. Èyí tí mo fẹ́ wọ̀ lọ Èkó."

"Okùn wo lo fi gé e?"

Fàlílù fi àgbọ̀n júwe ìṣó. Jìbírílù gbé ọwọ́ kúrò lórí aṣọ náà. Níta, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ń ha ara wọn.

"N kò tú u," ni Jìbírílù wí.

"Èmi náà ṣáà lẹ fi wọ̀n."

"Mo mọ̀. Wọ̀ ọ́ kí n rí i."

Fàlílù wọ̀ ọ́. Kò sí ibi tó fún, kò sí ibi tó ṣò. Ṣùgbọ́n ó gbóná lábíyá, bí aṣọ tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́. Kò sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Tú okùn yẹn," ni Jìbírílù wí.

"Ọjọ́ tí mo bá gba aṣọ ni n ó tú u. Ṣebí bí ẹ ṣe kọ́ mi nìyẹn."

Jìbírílù yíjú, ó jáde. Bí a bá kọ́ ènìyàn níṣẹ́ dáadáa, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Fàlílù gbé àwo kẹta sórí ẹ̀rọ. Orin dé ibi tí ohùn ti ya. Ó mí kanlẹ̀, bó ti máa ń ṣe. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi ìṣó, ẹnìkan mí kanlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó gbé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ sókè. Ó tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dá abẹ́rẹ́ padà.

Sátidé pé. Rélùwéè àárọ̀ ni yóò wọ̀ ní Ìjòkó. Ó kírun Asùbáà, ó tẹ́ agbádá àti fìlà sórí bẹ́ńṣì, ó lọ wẹ̀. Kùrukùru ọyẹ́ bo àgbàlá. Ó ń da omi sára nígbà tó gbọ́ tí ilẹ̀kùn iwájú dún. Ó ṣí. Ó tì. Ó rò pé Mùíbátù ni.

Nígbà tó jáde, bẹ́ńṣì ṣófo.

Mùíbátù wọlé láti kànga, ìkòkò omi wà lórí rẹ̀.

"Ẹ ti padà? Kí lẹ gbàgbé?"

"Ibo ni mo lọ?"

"Ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé yín lọ́nà ni. Mo kí yín, ẹ ò dáhùn. Mo ní aṣọ tuntun ti gùn yín. Ó mà yẹ yín o, Bàbá Ràfátù..."

Ó wo aṣọ ìnura nídìí ọkọ rẹ̀. Ó wo omi tó ń kán láti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó rọra sọ ìkòkò kalẹ̀, kò sì jẹ́ kó dún.

Fàlílù wọ ṣòkòtò iṣẹ́, ó gun kẹ̀kẹ́, ó forí lé Ìjòkó. Nígbà tó débẹ̀, pápá ọkọ̀ ti dá. Ògúndèyí, akọ̀wé tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, yọjú lójú ihò rẹ̀.

"Télọ̀. Ẹ ti bọ́ sílẹ̀?"

"Ẹ já tíkẹ́ẹ̀tì Èkó fún mi."

"Mo ti já a fún yín. Ẹ tiẹ̀ juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé."

Ògúndèyí wò ó látòkè délẹ̀.

"Aṣọ funfun yẹn dà?"

"Mo ti bọ́ ọ."

"Ẹ ò bá má bọ́ ọ."

Irin ọ̀nà ṣì ń dún lábẹ́lẹ̀, fínnífínní. Fàlílù dúró tì í títí tí kò fi dún mọ́. Ó padà sílé. Okùn ṣì wà lórí ìṣó. Kò sí kókó kankan lára rẹ̀ mọ́. Ojú ibi tí wọ́n ti wà nìkan ló kù, márùn-ún. Mùíbátù ní òun kò fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé.

"Alága wa ọ̀wọ́n, a tún ń dúpẹ́ pé ẹ wá. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nípa ibi tí ohùn Ọmọ́lẹ́yẹ ti ya nínú àwo kẹta, pé ó dà bí aṣọ tó fà ya lábẹ́ apá, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ tí kò sunkún. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe fi yín jẹ alága. Bí ẹ ti bẹ̀ wá, ọ̀dọ̀ yín ní Ọ̀tà ni a ó ti pàdé lọ́dún tó ń bọ̀. A ó bá yín wá, gbogbo wa."

Fàlílù ká lẹ́tà náà.

"Ìyá Ràfátù, àga mélòó la ní?"

"Mẹ́fà."

"Kò ní tó."

Nígbà tó kírun Àlàásárì tán, ó yí ọwọ́ giramafóònù. Orin dé ibi tí ohùn ti ya. Ó la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ tó ti ń gbé kiri fún ọdún mẹ́fà. Ó wá a. Kò bá a níbẹ̀ mọ́. Àwo ń yí, ọ̀nà ń lọ, wọ́n ti ń gbálẹ̀ níbi ìgbéyàwó.

Ó tán. Mo ní kò ní gùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sábẹ́ ahọ́n. Ẹ má jẹ́ kó dé etí àwọn ará Èbúté-Mẹ́ta. Inú wọn dùn sí alága wọn.